Ọmọ Iṣẹ́ Ìjọba: Bí Iṣẹ́ Ìgbà Díẹ̀ Ṣe Wọ Ilẹ̀ Wa

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀ tàbí lọ́dọ̀ káfíńtà mọ ọjọ́ tí òun yóò gba òmìnira. Kí ó tó wọ ilé iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti bá ọ̀gá náà jókòó. Wọ́n ti sọ iye ọdún tí yóò lò, iye owó tí wọn yóò san, ohun tí wọn yóò mú wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àti lọ́jọ́ ìkẹyìn. Nígbà tí ọdún bá pé, ẹbí yóò péjọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ yóò péjọ, a ó gbàdúrà fún un, ọ̀gá yóò fi ìwé lé e lọ́wọ́, a ó jẹ, a ó mu. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, kò sí ẹni tó lè pè é ní ọmọ iṣẹ́ mọ́.

Ìjọba náà ní ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń to ìwé ní bìró ìjọba nígbà fàkáǹsì, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bákì tí wọ́n ní kó lọ kọ́ àwọn ọmọdé ní abúlé, ọ̀dọ́ tó ń ti ilé dé ilé lọ́dún tí wọ́n bá ń ka ènìyàn, gbogbo wọn ń ṣe iṣẹ́ ìlú fún ìgbà díẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní sitáàjì, àwọn mìíràn ní orúkọ mìíràn fún un, orúkọ náà sì ń yí padà bí ìjọba ṣe ń yí padà. Ìbéèrè tí àwa fẹ́ béèrè kò pọ̀. Ta ló ń sanwó? Ta ló ń jèrè? Ọjọ́ wo ni òmìnira? Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a tọ ìtàn náà láti ẹ̀yìn wá, nítorí pé ohun tó ń dun àwọn ọ̀dọ́ wa lórí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo fàkáǹsì fúnra rẹ̀. Àwọn Faransé ló mú un wá pẹ̀lú ilé-ìwé wọn, wọ́n sì tò ó bí wọ́n ṣe ń tò ó nílùú wọn, ní àárín ọdún, nígbà tí ooru bá mú lọ́dọ̀ wọn. Lọ́dọ̀ tiwa ní gúúsù, láti Àjàṣẹ́ dé Ìpóbẹ̀ẹ́ àti Kétu, ìgbà náà ni àgbàdo àkọ́kọ́ ń wọlé. Ìgbà náà ni a sì tún ń ro ilẹ̀ de òjò kejì tó ń rọ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Ọmọ tí ilé-ìwé ní kó lọ sinmi, oko ni ó ń lọ. Ó ń ṣẹ́ àgbàdo, ó ń bó o, ó ń bá ìyá rẹ̀ rù ú lọ sọ́jà, owó tí wọ́n bá sì rí níbẹ̀ ni wọn yóò fi ra ìwé àti aṣọ ilé-ìwé rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ọmọ wá ṣiṣẹ́ ìlú nígbà fàkáǹsì, ọwọ́ tó wà lóko ló ń mú. Àwọn tó ń ṣe òfin ní Kútọnu kì í sábà rántí èyí.

Nígbà tí àwọn Faransé kọ́kọ́ dé, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sitáàjì. Iṣẹ́ ìlú tí àwọn baba wa mọ̀ nígbà náà ni iṣẹ́ tipátipá. Ọkùnrin tó bá ti dàgbà jẹ ìjọba ní ọjọ́ iṣẹ́ mélòó kan lọ́dọọdún, láìgba owó. Wọ́n ń la ọ̀nà, wọ́n ń tún afárá ṣe, wọ́n ń gbé ẹrù. Ẹni tó lówó lè fi owó ra ọjọ́ rẹ̀ padà, ẹni tí kò ní yóò gbé ọkọ́ àti apẹ̀rẹ̀. Olórí kántọ̀n ló ń yan àwọn tó máa lọ, ọmọ ta ni yóò sì yàn, bí kì í bá ṣe ọmọ ẹni tí kò lẹ́nìkan? Ní Kétu àti àyíká rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kó ẹrù wọn, wọ́n sì sá kọjá ààlà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà. Àwọn Ọ̀họ̀rí ní agbègbè Ìpóbẹ̀ẹ́ kò sá ní tiwọn. Wọ́n dìde sí ìjọba Faransé láàárín ọdún 1914 sí 1916, iṣẹ́ tipátipá sì wà lára ohun tó bí wọn nínú, pẹ̀lú owó orí àti bí wọ́n ṣe ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sógun. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin ọdún 1946 ni òfin tí Félix Houphouët-Boigny gbé wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris tó pa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rẹ́. Orúkọ rẹ̀ kò tètè kúrò lẹ́nu àwọn àgbà. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, bí ẹnìkan láti bìró bá dé tó ní ìjọba ń wá ọ̀dọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, àwọn àgbà á kọ́kọ́ béèrè bóyá owó wà níbẹ̀. A kò lè bá wọn wí.

Ilé-ìwé ni ọ̀nà tí ènìyàn fi lè bọ́ nínú apẹ̀rẹ̀ iyẹ̀pẹ̀. Akọ̀wé kì í la ọ̀nà. Àwọn òbí tó tètè rí èyí fi ọmọ wọn sílé-ìwé, àwọn ọmọ tó mọ̀wé jù nínú wọn sì dé ilé-ìwé Victor Ballot ní Àjàṣẹ́, èyí tí à ń pè ní Lísè Béhanzin lónìí. Láti ibẹ̀, àwọn díẹ̀ tó yege ìdánwò ńlá wọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé-ìwé William Ponty ní ilẹ̀ Senegal. Erékùṣù Gorée ni ilé-ìwé náà wà títí di ọdún 1938, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Sébikotane lẹ́bàá Dakar. Ọmọ gbogbo ilẹ̀ Faransé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ń pàdé níbẹ̀. Ẹni tó bá jáde níbẹ̀, iṣẹ́ ìjọba ti ń dúró dè é. Yóò di olùkọ́, tàbí akọ̀wé, tàbí kó tẹ̀síwájú lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Hubert Maga, tó di ààrẹ àkọ́kọ́ ní Dahomey lọ́dún 1960, olùkọ́ tó jáde láti Ponty ni.

Ní Ponty yìí ni a ti rí iṣẹ́ fàkáǹsì kan tó yẹ ká dúró lé lórí. Láti àárín àwọn ọdún 1930, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ a máa fún akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ bí ó bá ń lọ sílé fún ìsinmi gígùn. Kì í ṣe iṣẹ́ ìṣirò. Kó lọ bá àwọn àgbà ìlú rẹ̀, kó béèrè bí wọ́n ṣe ń sọmọ lórúkọ, bí wọ́n ṣe ń gbéyàwó, bí wọ́n ṣe ń sìnkú, bí wọ́n ṣe ń dáko, kó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Faransé sínú kàyé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kàyé wọ̀nyí ṣì wà ní Dakar, níbi tí àwọn onímọ̀ ìtàn ti ń kà wọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà tún ń fi àṣà ilé wọn ṣe eré. Ní ọdún 1937, àwọn ọmọ Dahomey tó wà ní Ponty ṣe eré kan tí wọ́n pè ní Sokamé lórí ìtàgé ní Paris.

Ta ló jèrè iṣẹ́ fàkáǹsì yìí? Akẹ́kọ̀ọ́ jèrè, nítorí ó mọ ìlú rẹ̀ sí i, iṣẹ́ sì ń dúró dè é níwájú. Ìjọba Faransé jèrè, nítorí ó mọ àwọn ènìyàn tó ń ṣe àkóso láìná owó púpọ̀. Àgbà tó jókòó sábẹ́ igi tó ń dáhùn ìbéèrè láti àárọ̀ di ọ̀sán, kí ló gbà? Kò lè ka ohun tí wọ́n kọ nípa ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, nítorí èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Lójú tiwa, gbèsè kan wà níbẹ̀ tí wọn kò tíì san tán, ìwé tí a ń kọ ní èdè wa sì jẹ́ díẹ̀ lára owó náà.

Dahomey kó ọ̀mọ̀wé jáde ju ohun tí bìró rẹ̀ lè gbà lọ. Wọ́n ń lọ ṣiṣẹ́ ní Côte d'Ivoire, ní Niger, ní Senegal àti níbi púpọ̀ mìíràn, wọ́n jẹ́ akọ̀wé, olùkọ́, oníṣirò owó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1958, àwọn ọ̀dọ́ Abidjan dojú kọ àwọn ará Dahomey àti Tógò, wọ́n ba ilé wọn jẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló sì padà wálé lọ́wọ́ òfo. Ní ìparí ọdún 1963, ìjọba Niger lé àwọn ará Dahomey tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó padà dé yìí fẹ́ bìró, ìjọba tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì ní láti wá àyè fún wọn. Nígbà náà, owó oṣù òṣìṣẹ́ ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìlú. Ìjọba gé owó oṣù, òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ṣójà gbàjọba. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1967, kì í sì í ṣe ìgbà kan ṣoṣo ni ṣójà gbàjọba láàárín ọdún 1963 sí 1972.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1972 ni Mathieu Kérékou gbàjọba. Ní ọdún 1974 ó kéde ní Àgbómẹ̀ pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni ìlú yóò tọ̀. Ní ọdún 1975 orúkọ ìlú kúrò ní Dahomey, ó di Bẹ̀nẹ̀. Ní ọdún 1975 yìí kan náà, òfin kan yí ilé-ìwé padà. Wọ́n pè é ní Ilé-Ìwé Tuntun. Ó fẹ́ kí gbogbo ọmọ kàwé, kí ilé-ìwé má sì jìnnà sí iṣẹ́ ọwọ́. Ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní oko tirẹ̀, àwọn ọmọ ń ro ó, wọ́n ń ta ohun tí wọ́n bá kó níbẹ̀ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ilé-ìwé. Àwọn òbí kan kùn, wọ́n ní oko wà nílé, ìwé làwọn rán ọmọ lọ kà. Ẹ̀dùn wọn yé wa.

Bí ọmọ bá pọ̀ nílé-ìwé, olùkọ́ gbọ́dọ̀ pọ̀. Olùkọ́ kò sí. Kíkọ́ olùkọ́ dáadáa máa ń gba ọdún, Ilé-Ìwé Tuntun kò sì fẹ́ dúró. Nítorí náà ni ìjọba ṣe yíjú sí àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé-ìwé. Wọ́n fún wọn ní ẹ̀kọ́ kúkúrú, wọ́n sì rán wọn káàkiri ìlú gẹ́gẹ́ bí Jeunes Instituteurs Révolutionnaires. Ẹnu àwọn ènìyàn gé orúkọ náà kúrú di JIR. Ẹni tó gba bákì náà kò lè kọjá tààrà lọ sí yunifásítì ní Abomey-Calavi, èyí tó ti ṣílẹ̀kùn láti ọdún 1970. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ kọ́ àwọn ẹlòmíràn fún ìgbà kan.

Ẹ fojú inú wo irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè má tíì pé ogún ọdún. Àná ni ó jókòó lórí bẹ́ńṣì, lónìí òun ló dúró níwájú pátákó. Ọmọ Àjàṣẹ́ lè bá ara rẹ̀ ní abúlé Bàríbá ní òkè, ọmọ Fọ̀n lè bá ara rẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́, láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Abúlé ló ń fún un ní yàrá. Bí owó oṣù bá pẹ́ kó tó dé, abúlé náà ló ń bọ́ ọ. Nínú kíláàsì, ọmọ pọ̀, ìwé kéré, kò sì sí àgbà olùkọ́ tó lè fi ọ̀nà hàn án. Àwọn kan ṣe é tọkàntọkàn, wọ́n kọ́ èdè abúlé náà, àwọn kan sì ń ka ọjọ́ ni. Títí di òní, àwọn tó kàwé nígbà náà ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Àwọn kan ní àwọn JIR ló ba ẹ̀kọ́ jẹ́, nítorí ẹni tí kò tíì mọ̀ kò lè kọ́ni. Àwọn mìíràn ní, bí kì í bá ṣe JIR, abúlé àwọn ì bá má rí olùkọ́ rárá. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ èkejì ló sábà máa ń jẹ́ ará abúlé.

Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ṣe ohun tó jọ ọ́ nígbà kan náà. Ní ọdún 1973, lẹ́yìn ogun abẹ́lé wọn, ìjọba Gowon ní kí ẹni tó bá jáde ní yunifásítì lọ sin ìlú fún ọdún kan ní ìpínlẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ń rán lọ kọ́ni nílé-ìwé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tiwọn ń sin ìlú lẹ́yìn yunifásítì, tiwa ń sìn ín kí ó tó wọ yunifásítì, nígbà tí ohun tó mọ̀ kò tíì tó nǹkan.

Síbẹ̀, ohun kan wà nínú ètò JIR àti iṣẹ́ àwọn ọmọ bákì tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Ó ní òpin. Ọ̀dọ́ mọ̀ pé lẹ́yìn iṣẹ́ náà, yunifásítì wà, lẹ́yìn yunifásítì, iṣẹ́ wà. Títí di àárín àwọn ọdún 1980, ẹni tó bá gba ìwé ẹ̀rí gíga ní Bẹ̀nẹ̀, ìjọba ló ń gbà á síṣẹ́. Ìjọba ń gba ọdún kan lọ́wọ́ ọ̀dọ́, ó sì ń san án padà pẹ̀lú iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tó bá mọ ọjà lè sọ pé òwò náà kò burú.

Òwò náà bàjẹ́ láìpẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 1986, òfin tuntun kan jáde fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Gẹ́gẹ́ bí òfin náà, ẹni tí ìjọba bá gbà yóò kọ́kọ́ jẹ́ ọmọ sitáàjì, kí wọ́n wo iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tó fi í múlẹ̀ pátápátá. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí sitáàjì tó ní ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn ni. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1986 sí 1987 ni ìjọba dáwọ́ gbígba òṣìṣẹ́ dúró, nítorí kò sí owó mọ́. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́ ilé-ìwé kékeré náà ti ilẹ̀kùn lọ́dún 1987, wọn kò sì ṣí i padà títí tí ọdún 2000 fi kọjá. Báǹkì ìjọba mẹ́ta wó lulẹ̀. Òṣìṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ oṣù lórí oṣù láìrí owó. Ní ọdún 1989, akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú àjọ owó àgbáyé, àjọ náà sì fẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba dín kù. Nígbà tí àpérò ńlá ti gbogbo ìlú wáyé ní Kútọnu ní oṣù kejì ọdún 1990, tí Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Isidore de Souza darí, ọ̀rọ̀ òmìnira ni gbogbo ayé gbọ́. Ọ̀rọ̀ owó oṣù ló kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jáde sí títì.

Àpérò mìíràn lórí ẹ̀kọ́ tẹ̀lé e ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Ilé-Ìwé Tuntun sì parí. Àwọn òbí tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ sílé-ìwé, iye ọmọ sì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ẹ wò ó báyìí: ọmọ ń pọ̀, àwọn àgbà olùkọ́ ń fẹ̀yìn tì, ìjọba kò gba tuntun, ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ ti pa. Ta ni yóò dúró níwájú pátákó? Ọ̀dọ́ tó kàwé tí kò níṣẹ́ ló ṣe é, àwọn òbí sì ni wọ́n ń san owó rẹ̀. Wọ́n pe irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ní olùkọ́ abúlé, olùkọ́ tí àwùjọ gbà. Ẹgbẹ́ àwọn òbí ń dáwó jọ. Àgbẹ̀ tí àgbàdo rẹ̀ kò bá tà, owó rẹ̀ yóò pẹ́, bí owó rẹ̀ bá sì pẹ́, olùkọ́ yóò fi ebi kọ́ni. A ti rí ìlú tí àwọn tálákà rẹ̀ ń san owó orí fún ìjọba, tí wọ́n sì tún ń san owó òṣìṣẹ́ tó yẹ kí ìjọba san. Ní ìlú ńlá, ilé-ìwé máa ń rí olùkọ́ tí ìjọba ń san owó fún, abúlé ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú tirẹ̀.

Àwọn kan wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ń pè ní fàkàtẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń gba owó wákàtí. Wákàtí tó bá fi kọ́ni ni wọ́n ń kà fún un, bó bá sì ṣàìsàn, kò sí wákàtí níbẹ̀. Ní bìró ìjọba náà, ọ̀dọ́ tó mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá ni wọ́n ń fún ní àga àti iṣẹ́, láìfún un ní owó oṣù. Wọ́n á ní kó máa ṣe sitáàjì ná, ìjọba yóò gbani síṣẹ́ láìpẹ́. Ó lè ṣe é fún ọdún kan, méjì, mẹ́rin. Ó mọ iṣẹ́ náà ju ẹni tó ń gba owó rẹ̀ lọ. Ní tiwa, ibí yìí ni orúkọ ti di irọ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ tán, tó ń ṣe é lójoojúmọ́, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ mọ́. Bí télọ̀ kan bá fi ọmọ pamọ́ sí ìdí máṣíìnì lẹ́yìn tí ọdún rẹ̀ ti pé, ẹbí yóò wá, ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ yóò dá a lẹ́jọ́. Ìjọba kò ní ẹgbẹ́ tí a lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ní Tógò, láàárín àwọn ará wa Ifẹ̀ ní Àtàkpàmé, ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Ìjọba ibẹ̀ ti dín gbígba òṣìṣẹ́ kù ṣáájú tiwa, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn òbí ní abúlé sì dá ilé-ìwé tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì wá olùkọ́ tí wọ́n lè san owó fún. Ní ọdún 2011, ìjọba Tógò gbé ètò kan kalẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ ìlú, pẹ̀lú owó díẹ̀ lóṣooṣù.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ló burú. Ìkànìyàn jẹ́ àpẹẹrẹ èyí tó dára, a sì fẹ́ kí a rántí rẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ ti ka ènìyàn rẹ̀ ní ọdún 1979, 1992, 2002 àti 2013. Ní ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ka 3,331,210. Ní ìgbà kẹrin, wọ́n ka 10,008,749. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe láìsí ọ̀pọ̀ ọwọ́ fún ìgbà kúkúrú. Wọ́n ń kọ́ ọ̀dọ́ ní bí a ṣe ń béèrè, wọ́n ń fún un ní agbègbè tirẹ̀, yóò sì wọ gbogbo agbo ilé tó wà níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé iṣẹ́ náà yóò parí. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó yẹ kó dùn mọ́ ẹni tó ń ka ìwé yìí. Ìwé ìbéèrè náà, Faransé ni. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní Kétu tàbí ní Ìdàáṣà kò gbọ́ Faransé. Ọ̀dọ́ tí kò bá lè bi í ní èdè rẹ̀ ní iye ọmọ tó bí àti iye tó kù, kò lè ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Èdè tí wọ́n lé kúrò nílé-ìwé ni iṣẹ́ ìjọba gbára lé lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn ọdún 2000, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà. Ní ọdún 2003 wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, àjọ tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí ANPE, láti máa fi ọ̀dọ́ tó kàwé sí ẹnu iṣẹ́ fún ìgbà kan. Ní ọdún 2006, nígbà ìjọba Yayi Boni, wọ́n mú owó ilé-ìwé kúrò fún ilé-ìwé kékeré, ọmọ sì ya wọ kíláàsì bí omi. Wàhálà JIR tún padà dé: ọmọ pọ̀, olùkọ́ kò tó. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé e, ìjọba gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ abúlé sọ́dọ̀ ara rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àdéhùn, ẹrù sì kúrò lórí ẹgbẹ́ àwọn òbí díẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́ kí ìjọba tó mọ orúkọ wọn, ìṣirò owó ìfẹ̀yìntì ọdún wọ̀nyẹn sì di ọ̀rọ̀ ńlá.

Ní ọdún 2019, orúkọ tuntun tún dé, AME. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àwọn tó ń fẹ́ di olùkọ́. Ìjọba ṣe ìdánwò fún wọn, ó kọ orúkọ wọn sínú ìwé kan, ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilé-ìwé tí kò ní olùkọ́ tó. Ó sàn ju kí abúlé máa dá owó jọ lọ, a gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ náà dáadáa. Ẹni tó wà ní kíláàsì láti aago mẹ́jọ, tó ń kọ́ni, tó ń yẹ ìwé wò, tó ń bá òbí sọ̀rọ̀, ni wọ́n ń pè ní ẹni tó ń fẹ́ di olùkọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìwé àdéhùn wọn kò kọjá àkókò tí ilé-ìwé bá ṣí, àríwísí púpọ̀ sì dìde lórí èyí.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá mú irú ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀ wálé, kó jẹ́ kí ọmọ náà kà á sókè fún un, títí kan ìlà ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà kékeré kọ. Kó wá ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Kó wá orúkọ ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí nígbà tó bá parí, nítorí sitáàjì tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí, bí ẹni pé a kò ṣe é ni. Bí kò bá rí ọjọ́ ìparí níbẹ̀, kó béèrè kí ọmọ tó fọwọ́ sí i. Bàbá tó ń mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kì í tijú láti béèrè.

Fàkáǹsì ṣì wà níbi tí àwọn Faransé fi í sí, ní oṣù keje, oṣù kẹjọ àti apá kan oṣù kẹsàn-án. Nígbà kan rí, ìgbà yẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ Ponty ń gba iṣẹ́ ìjọba lọ sílé pẹ̀lú kàyé lábẹ́ apá. Ní báyìí, ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ìjọba ń fi àwọn kan sílẹ̀. Olùkọ́ tó ń gba owó wákàtí kò ní wákàtí kankan láti kà bí ilé-ìwé bá ti pa. Bí ó bá jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ tí ilẹ̀ baba rẹ̀ ṣì wà, á padà sílé, á bá wọn ṣẹ́ àgbàdo, á sì ro apá kan de òjò kejì, títí ọ̀gá ilé-ìwé yóò fi ránṣẹ́ sí i pé wákàtí mélòó ló kù fún un lọ́dún yìí.